Bí ẹ ṣe máa kó wẹ́bsáìtì okòwò yín lọ sórí plátfọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì, tí ẹnikẹ́ni ò ní sọnù lójú ọ̀nà

Tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń fi wẹ́bsáìtì kékeré kan ta iṣẹ́ ọwọ́ yín, bóyá aṣọ lẹ̀ ń rán ni o, fọ́tò lẹ̀ ń yà ni o, àbí ẹ̀ ń bá àwọn èèyàn tọ́jú ìwé owó wọn, ìgbà kan máa ń dé táwọn oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín pé, "Ṣé ẹ lè kọ́ wa náà?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ plátfọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì ti máa ń wọlé, Teachable, Thinkific, Kajabi, Podia, LearnWorlds àtàwọn ẹgbẹ́ wọn, ibi tó jẹ́ pé ẹ máa gbé fídíò yín sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sanwó níbẹ̀, wọ́n á sì máa wọlé síbẹ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́. Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kó lọ síbẹ̀ máa ń dùn mí, torí wọ́n á ti fi gbogbo àkókò wọn yan àwọ̀ àti fọ́ńtì, wọ́n á wá yí dóméènì (orúkọ táwọn èèyàn ń tẹ kí wẹ́bsáìtì tó ṣí) padà lálẹ́ ọjọ́ kan, tílẹ̀ bá fi máa mọ́, ímeèlì ò wọlé mọ́, línkì tí Google mọ̀ ti ń gbé èèyàn lọ sí 404, ìyẹn ojúewé tí kò sí, ẹni tó sì ti sanwó látọdún tó kọjá ò rí kọ́ọ̀sì ẹ̀ wọ̀.

Ojúewé ò ṣòroó kó, ẹni tó bá jókòó tì í á tún un kọ. Nǹkan mẹ́ta tí kò hàn sójú ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin: àdírẹ́sì táyé fi mọ̀ yín, ímeèlì tó ń gba orí àdírẹ́sì yẹn wọlé, àti ẹ̀tọ́ àwọn tó ti sanwó fún yín. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá ti bàjẹ́, gbogbo nǹkan yòókù ló ṣeé tún ṣe.

Ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ fẹ́ kó ni, àbí kọ́ọ̀sì nìkan?

Ẹ dáhùn ìbéèrè yìí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, torí òun ló máa pinnu bí iṣẹ́ tó kù ṣe máa rí. Ọ̀nà kan ni pé kẹ́ ẹ fi wẹ́bsáìtì àtijọ́ sílẹ̀ níbi tó wà, kẹ́ ẹ kàn ṣí subdomain kan fún kọ́ọ̀sì, ká sọ pé example.com lorúkọ yín, kọ́ọ̀sì á wá wà ní learn.example.com. Ọ̀nà kejì ni pé kẹ́ ẹ ti èyí àtijọ́ pa pátápátá, kó jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ example.com, plátfọ́ọ̀mù yẹn ló máa ṣí fún un.

Lójú tèmi, ọ̀nà àkọ́kọ́ ló dáa jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní àpilẹ̀kọ tó pọ̀ tí Google ń gbé èèyàn wá sí, tàbí tẹ́ ẹ bá ṣì ń ta ọjà tó jẹ́ pé ẹ máa dì í kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, torí ẹ̀kọ́ ni wọ́n ṣe plátfọ́ọ̀mù wọ̀nyí fún, ibi ìkọ̀wé tó wà nínú àwọn míì nínú wọn ò lágbára rárá. Ọ̀nà kejì yẹ ẹni tí wẹ́bsáìtì ẹ̀ ò ju ojúewé márùn-ún, mẹ́fà lọ, ẹni tí kò fẹ́ kí owó méjì máa jáde lóṣooṣù. Tó bá sì jẹ́ WordPress lẹ̀ ń lò, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má kó lọ síbì kankan, ẹ lè fi plugin, ìyẹn ohun èlò tó ń fi iṣẹ́ kún wẹ́bsáìtì, bíi LearnDash tàbí Tutor LMS kún èyí tẹ́ ẹ ní. Moodle, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà wà, ọ̀fẹ́ ni, látọdún 2002 ló ti wà, àwọn yunifásítì sì ń lò ó káàkiri ayé, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sórí sẹ́fà (kọ̀ǹpútà tí wẹ́bsáìtì ń gbé lórí ẹ̀) tiyín, ẹ̀yin lẹ máa máa tọ́jú ẹ̀, ààbò ni o, bákọ́ọ̀pù (ẹ̀dà tẹ́ ẹ tọ́jú pa mọ́) ni o, gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹni tí kò bá ní ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn nítòsí, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn pé kó dáwọ́ lé e.

Ẹ má sì ka Udemy mọ́ àwọn tí mo dárúkọ yìí o. Níbẹ̀, ẹ̀yin àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ míì lẹ jọ wà lójú kan náà, wọn kì í sì í fún olùkọ́ ní ímeèlì àwọn tó ra kọ́ọ̀sì ẹ̀. Ó lè dáa fún kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi téèyàn ń kó okòwò ẹ̀ lọ.

Ẹ kó ẹrù jọ ná

Ẹ ṣí Google Sheets tàbí Excel, kẹ́ ẹ kọ àdírẹ́sì gbogbo ojúewé tó wà lórí wẹ́bsáìtì yín síbẹ̀, ìlà kan fún ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní í máa fọwọ́ wá a kiri, ẹ tẹ orúkọ dóméènì yín, kẹ́ ẹ fi /sitemap.xml sí ìdí ẹ̀, ọ̀pọ̀ wẹ́bsáìtì ló máa to gbogbo ẹ̀ jáde fún yín. Screaming Frog, ètò kọ̀ǹpútà kan, náà máa bá yín wá a, ọ̀fẹ́ ni tí àdírẹ́sì ò bá ju 500 lọ. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ wọ Google Search Console, ibi tí Google ti ń fi hàn yín bí wẹ́bsáìtì yín ṣe ń ṣe nínú ìwádìí, ẹ wo ojúewé tí àwọn èèyàn ń gbà wọlé látinú Google, ó máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oṣù 16 sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ oṣù 12 ó kéré tán lẹ máa wò, torí àwọn ojúewé kan wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún làwọn èèyàn ń wá wọn. Níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tó ń lọ: ó ń dúró, ó ń di ẹ̀kọ́, ó ń dara pọ̀ mọ́ òmíì, tàbí a ò nílò ẹ̀ mọ́. Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo yìí lẹ máa máa padà sí títí iṣẹ́ fi máa parí.

Bákọ́ọ̀pù ló kàn. WordPress ní ibi tí wọ́n ń pè ní Export lábẹ́ Tools, ó máa fún yín ní fáìlì XML, ọ̀pọ̀ èèyàn á gbà á, ọkàn wọn á balẹ̀, wọn ò mọ̀ pé kò sí fọ́tò kankan nínú ẹ̀, àdírẹ́sì fọ́tò ló wà níbẹ̀, tí sẹ́fà àtijọ́ bá ti kú, fọ́tò bá a lọ nìyẹn. Torí náà, ẹ wọ inú fódà wp-content/uploads, kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ wá sórí kọ̀ǹpútà yín. Squarespace máa jẹ́ kẹ́ ẹ kó apá kan jáde, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Wix ní tiẹ̀ ò gbà kẹ́ ẹ kó wẹ́bsáìtì jáde lódindi lọ sí ibòmíì, ẹ máa fọwọ́ da ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kọ ni. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ lọ sí web.archive.org, kẹ́ ẹ fi ibi tí wọ́n ń pè ní Save Page Now tọ́jú àwọn ojúewé tó ṣe pàtàkì jù, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rántí bí ojúewé kan ṣe rí, ẹ máa rí i níbẹ̀.

Fídíò náà, ẹ wá ojúlówó fáìlì tó jáde látinú kámẹ́rà tàbí látinú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ṣe é, ẹ má lọ gbà á látorí YouTube padà, torí YouTube ti fún un pọ̀, tí plátfọ́ọ̀mù tuntun bá tún fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú fídíò á ṣú. Fáìlì MP4 tó jẹ́ H.264 (bí wọ́n ṣe fún fídíò náà pọ̀) ni gbogbo wọn ń gbà.

Ojúewé kì í ṣe ẹ̀kọ́

Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Àpilẹ̀kọ tẹ́ ẹ kọ sórí wẹ́bsáìtì, ẹni tó ń kánjú lẹ kọ ọ́ fún, ó ń wá ìdáhùn kan, ó rí i, ó lọ. Ẹni tó ra kọ́ọ̀sì ò wá ìdáhùn, ó fẹ́ mọ nǹkan ọ̀hún ṣe. Tẹ́ ẹ bá kàn da àpilẹ̀kọ mẹ́wàá kọ sínú plátfọ́ọ̀mù, tẹ́ ẹ pè é ní kọ́ọ̀sì, wọ́n á ra á, wọ́n á ka méjì, wọn ò ní padà wá mọ́, àwọn míì á sì ní kẹ́ ẹ dá owó wọn padà, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa lè dá ṣe tó bá parí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Tó bá jẹ́ pé "ó máa lè gé síkẹ́ẹ̀tì, kó rán an, kó sì fi sípù sí i láìsí ẹni tó ń dúró tì í," ẹ wá bi ara yín pé kí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà ńkọ́, títí tẹ́ ẹ fi dé ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìyẹn ló di ẹ̀kọ́ kan. Kí fídíò kọ̀ọ̀kan kúrú, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá tó fún ọ̀rọ̀ kan, kí iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe sì wà lópin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kíkọ sí ìsàlẹ̀ fídíò, torí ẹni tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa wà, ẹni tó ń wò ó níbi tí ariwo wà náà wà, kẹ́ ẹ sì ṣí ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á lè kọ́kọ́ gbọ́ ohùn yín.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn àpilẹ̀kọ ọ̀fẹ́ tí Google ń gbé èèyàn wá sí, ẹ má kó wọn lọ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Google ò ní pásíwọọ̀dù, kò lè rí ohun tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń sanwó, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tì í síbẹ̀ ni ojúewé yẹn ti ń kúrò nínú ìwádìí, àwọn tó ń gba ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín ò sì ní rí yín mọ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níta, kẹ́ ẹ fi línkì kọ́ọ̀sì sí ìsàlẹ̀ wọn.

DNS, ibi tí wàhálà wà

Nǹkan mẹ́ta làwọn èèyàn ń pa pọ̀ mọ́ra wọn: iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ra orúkọ dóméènì, sẹ́fà tí wẹ́bsáìtì wà lórí ẹ̀, àti DNS tó ń sọ fún ayé pé orúkọ yìí, ibí ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ lè fi sẹ́fà sílẹ̀ láìfi iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ra dóméènì sílẹ̀. Ẹ ò nílò láti gbé dóméènì kúrò lọ́dọ̀ àwọn tẹ́ ẹ ti rà á, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ gbé e, ẹ má ṣe é lásìkò kan náà tẹ́ ẹ̀ ń kó wẹ́bsáìtì, tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ ò ní mọ èwo ló fà á.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tó wà nínú DNS yín, A, CNAME, MX, TXT, gbogbo ìlà. MX ló ń darí ímeèlì. Tí plátfọ́ọ̀mù bá ní kẹ́ ẹ kàn fi CNAME kan, ìlà tó ń darí orúkọ kan lọ sí òmíì, kún un, ó rọrùn, MX ò kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ yí nameserver, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tọ́jú DNS yín, padà, ẹ dúró ná, torí gbogbo ìlà DNS yín ló máa kúrò lọ́dọ̀ àwọn àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tuntun, MX àti TXT tẹ́ ẹ ò bá tún kọ síbẹ̀ ò ní sí níbẹ̀, ibi tí ímeèlì ọ̀pọ̀ okòwò ti ń dákẹ́ nìyẹn. Ohun míì tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé CNAME kì í gbà lórí dóméènì lásán, ó nílò nǹkan níwájú, bíi www tàbí learn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ plátfọ́ọ̀mù fi ń fẹ́ kẹ́ ẹ lo www.

Ní ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ TTL sí, ìyẹn iye àkókò tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń rántí ìlà DNS yín kí wọ́n tó tún béèrè, kẹ́ ẹ dín in kù sí 300. Ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ní 86400, odindi ọjọ́ kan làwọn míì fi máa máa rí wẹ́bsáìtì àtijọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yí i, tẹ́ ẹ bá sì ṣàṣìṣe, odindi ọjọ́ kan náà ni àṣìṣe ọ̀hún máa fi wà níta. Tẹ́ ẹ bá ti tọ́ka dóméènì tán, ẹ fún plátfọ́ọ̀mù láyè kó fi SSL, ààbò tó ń jẹ́ kí https ṣiṣẹ́, sí i, kì í ṣe ojú ẹsẹ̀ ló máa ń ṣe tán, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan míì torí pé ẹ rí ìkìlọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Tó bá wá pẹ́ jù, ẹ wò ó bóyá ìlà CAA, tó ń sọ àwọn iléeṣẹ́ tó lè fún dóméènì yín ní SSL, wà nínú DNS yín tí kò gba iléeṣẹ́ tó ń fún plátfọ́ọ̀mù yẹn ní SSL láyè.

Plátfọ́ọ̀mù á tún fẹ́ máa fi orúkọ yín ránṣẹ́ sáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ máa nílò SPF, DKIM àti DMARC, àwọn ìlà inú DNS tó ń fi hàn pé ẹ̀yin lẹ fún wọn láyè láti fi orúkọ yín ránṣẹ́. SPF ò gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ lórí dóméènì kan, tí ẹyọ kan bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má fi èkejì sí i, ńṣe lẹ máa fi include (ọ̀rọ̀ tó ń dárúkọ plátfọ́ọ̀mù tuntun) kún èyí tó wà, tí méjì bá wà, kò sí èyí tó máa ṣiṣẹ́. Látoṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti le sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pàápàá fáwọn tó ń ránṣẹ́ sí èèyàn tó pọ̀, kẹ́ ẹ sì tún mọ̀ pé ímeèlì rísíìtì tó bá bọ́ sínú spam, lójú ẹni tó sanwó, ẹ ti gba owó ẹ̀ lọ nìyẹn.

Àwọn línkì àtijọ́

Ẹni tó kó kúrò nílé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àlejò ẹ̀ á máa kan ilẹ̀kùn ilé òfìfo ni. 301 redirect ló ń sọ fún Google àti fún èèyàn pé ojúewé yìí ti kó lọ síbí pátápátá. Àkọsílẹ̀ tẹ́ ẹ ṣe níbẹ̀rẹ̀ wúlò nísinsìnyí, ìlà kọ̀ọ̀kan tó ti kúrò níbi tó wà ló yẹ kó ní redirect lọ sí ojúewé tó jọ ọ́ jù. Ẹ má darí gbogbo ẹ̀ lọ sí ojúewé àkọ́kọ́, Google máa ń kà á sí ojúewé tí kò sí mọ́ ni, ẹni tó tẹ línkì náà ò sì ní mọ ibi tó bá ara ẹ̀.

Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ nípa línkì: tẹ́ ẹ bá kọ redirect sínú fáìlì .htaccess tó wà lórí sẹ́fà àtijọ́, tẹ́ ẹ wá tọ́ka dóméènì kan náà sí plátfọ́ọ̀mù tuntun, kò sẹ́ni tó máa dé sẹ́fà àtijọ́ mọ́, redirect wọ̀nyẹn ò sì ní ṣiṣẹ́ láé. Inú plátfọ́ọ̀mù tuntun ló gbọ́dọ̀ wà. Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé mo lè fi 301 sí àdírẹ́sì èyíkéyìí tí mo bá fẹ́?" Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ lo subdomain, kẹ́ ẹ fi èyí àtijọ́ sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi Cloudflare, iléeṣẹ́ tó lè dúró níwájú wẹ́bsáìtì yín, ṣe redirect níwájú ẹ̀. Google fúnra wọn ní kéèyàn fi redirect sílẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán, èmi á ní kẹ́ ẹ má yọ ọ́ láé. Ẹ fi sitemap tuntun sínú Search Console, tí orúkọ dóméènì ò bá yí padà, ẹ ò nílò Change of Address, ibi tí wọ́n ti ń sọ fún Google pé dóméènì ti yí padà.

Àwọn tó ti sanwó

Ẹ kó orúkọ, ímeèlì, ohun tí wọ́n rà, ọjọ́ tí wọ́n rà á àti ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ wọn máa parí jáde sínú CSV, fáìlì tó ṣeé ṣí nínú Excel. Pásíwọọ̀dù ò ní bá wọn lọ, wẹ́bsáìtì tó dáa ò tọ́jú pásíwọọ̀dù bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, kálukú ló máa yan tuntun. Kẹ́ ẹ tó gbé CSV sókè, ẹ pa ímeèlì ìkíni tí plátfọ́ọ̀mù máa ń fi ránṣẹ́ fúnra ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo oníbàárà yín ló máa gba ọ̀rọ̀ àjèjì kan lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí kọ́ọ̀sì ò tíì ṣe tán. Ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ méjì mẹ́ta tó jẹ́ tiyín dán an wò.

Àwọn tó ń san owó oṣooṣù ló gba sùúrù jù. Inú Stripe tàbí PayPal, àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá yín gbowó, ni àdéhùn ìsanwó yẹn wà, ọ̀pọ̀ plátfọ́ọ̀mù ni kò lè gbà á bó ṣe wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí èyí àtijọ́ parí ní àsìkò tiẹ̀, kẹ́ ẹ fún wọn ní kúpọ́ọ̀nù tó máa jẹ́ kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ níbi tuntun láìpàdánù ohun tí wọ́n ti san, kẹ́ ẹ sì fagi lé èyí àtijọ́ kó má di pé ẹ gba owó ẹnì kan lẹ́ẹ̀méjì. Ẹ má béèrè nọ́ńbà káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ímeèlì, láéláé. Ẹni tẹ́ ẹ sì ti ṣèlérí fún pé títí ayé ni kọ́ọ̀sì yìí jẹ́ tiẹ̀, títí ayé náà ni.

Ẹ kéde ẹ̀ lórí wẹ́bsáìtì àtijọ́ kí ímeèlì tó jáde, torí ímeèlì tó ní "ẹ tẹ ibí kẹ́ ẹ yan pásíwọọ̀dù tuntun" jọ tàwọn oníjìbìtì gan-an. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ ǹlẹ́ o. Bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ wa máa wà ní àdírẹ́sì tuntun, ẹ ò sì ní san owó kankan mọ́. Ímeèlì tẹ́ ẹ fi ń wọlé tẹ́lẹ̀ náà lẹ máa lò, àmọ́ ẹ máa yan pásíwọọ̀dù tuntun. Ibi tẹ́ ẹ bá ẹ̀kọ́ dé ò ní hàn níbi tuntun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ síbì kan. Tí nǹkan kan ò bá ṣí, ẹ fèsì sí ímeèlì yìí, a máa kà á, a sì máa dá yín lóhùn."

Tẹ́ ẹ bá ní oníbàárà ní Yúróòpù, òfin GDPR tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù karùn-ún ọdún 2018, kàn yín, pé ẹnì kan ra ọjà lọ́wọ́ yín nígbà kan kò túmọ̀ sí pé ó ní kẹ́ ẹ máa fi ìpolówó ránṣẹ́ sí òun.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kó

Ẹ yan ọjọ́ tí ọwọ́ dilẹ̀, tẹ́ ẹ sì máa wà nídìí ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kó má jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Tẹ́ ẹ bá ti tọ́ka DNS tán, ẹ fi fóònù ṣí i, kì í ṣe lórí wáì-fáì ilé nìkan, ẹ lo dátà náà. Ẹ ṣí i ní incognito, ìyẹn ojú bráúsà tí kò rántí pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ látinú Gmail sí àdírẹ́sì okòwò yín, kẹ́ ẹ fèsì, kẹ́ ẹ rí i pé ó lọ, ó sì bọ̀. Káàdì ìdánwò Stripe, 4242 4242 4242 4242, wúlò nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà ní test mode (ibi ìdánwò tí owó gidi kì í jáde), ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kéde, ẹ fi káàdì gidi ra kọ́ọ̀sì yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ wò ó bóyá rísíìtì dé, bóyá ẹ̀kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dá owó yẹn padà fún ara yín. Ẹ wá gbé fóònù fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ẹ ní kó wọlé kó wá ẹ̀kọ́ kejì, kẹ́ ẹ dákẹ́, ẹ máa wò ó. Ibi tó bá ti dúró, ibẹ̀ lẹ máa tún ṣe.

Lọ́sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ máa wọ Search Console wò bóyá 404 ń yọjú, kẹ́ ẹ fi redirect sí èyí tẹ́ ẹ bá gbàgbé. Àwọn tó ń wá látinú Google lè dín kù díẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo nǹkan padà. Ẹ má tíì fagi lé sẹ́fà àtijọ́, ó kéré tán kí oṣù méjì kọjá, torí fọ́tò kan tàbí fáìlì kan máa wà tẹ́ ẹ máa padà lọ mú. Dóméènì ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa sanwó fúnra ẹ̀ lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ sì fi ààbò onígbésẹ̀ méjì sí àkáǹtì ẹ̀.

Ẹ wá yan ọjọ́ kan lóṣù tẹ́ ẹ máa máa kó orúkọ àti ímeèlì akẹ́kọ̀ọ́ jáde látinú plátfọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ sì fi ojúlówó fídíò kọ̀ọ̀kan sórí hard drive tó wà lọ́wọ́ yín, nítorí iléeṣẹ́ tó ni plátfọ́ọ̀mù lè yí owó padà tàbí kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, ẹ sì máa nílò àtikó lọ síbòmíì nígbà yẹn.